Ògiri yàrá wa ń rin, onílé ní èémí wa ló fà á. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí omi ti ń jò?

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 7:10 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi.

Oṣù keje rèé tí a kó wọ ilé tí a háyà yìí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, àwa là ń gbé ìsàlẹ̀, ìdílé mìíràn wà lókè. Ògiri tó pín yàrá wa àti balùwẹ̀ ló ń dààmú wa. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń wú bí ara tí omi gbígbóná bó, láti orúnkún mi títí dé ìbàdí. Tí mo bá fi èékánná kàn án, á ṣí bí èèpo, ìyẹ̀fun funfun á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tí a bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí láìgbẹ ló máa ń pàdé wa. Owó omi wa náà ti lọ sókè, bẹ́ẹ̀ a ò pọ̀ sí i nínú ilé.

Mo pe onílé. Ó wá, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní èémí wa ni, pé a kì í ṣí fèrèsé. À ń ṣí fèrèsé. Ọmọ mi ọdún mẹ́rin ló ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, ó sì ti ń wúkọ́. Mi ò fẹ́ bá onílé jà, mi ò sì fẹ́ fọ́ ògiri tí kì í ṣe tèmi. Kí ni mo lè fi ojú àti ọwọ́ ara mi yẹ̀ wò kí n lè mọ̀ bóyá omi ń jò lóòótọ́?

Adéwọlé_K (7:42 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi rò pé kí wọ́n wá fọ́ ibi tó rin jù lọ. Ibi tí ògiri ti ń wú ni páìpù á ti bẹ́. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á rẹ́ ẹ padà, ó parí.

BàbáPáìpù (8:25 àárọ̀)

Ẹ dákun, ẹ má fọ́ nǹkan kan o. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ páìpù, ògiri tí mo rí tí wọ́n fọ́ lásán kò ṣeé kà. Omi kì í sábà yọ níbi tó ti jò. Á gba ẹ̀yìn páìpù lọ, á gba ihò tí wọ́n gbẹ́ sí sìmẹ́ǹtì nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, títí á fi débi tí kò ti rọ́nà lọ mọ́. Ibẹ̀ ló máa ti yọ sí wa lójú.

Ayọ̀kẹ́, àbúrò mi, kí o tó béèrè ibi tó ti ń jò, béèrè ìgbà tó ń jò ná. Nínú ilé, omi mélòó kan ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àsìkò tirẹ̀. Omi tó ń bọ̀ wọlé láti mítà kún inú páìpù tọ̀sán-tòru, agbára sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ bá lu, kò ní sinmi, bí ẹ wà nílé bí ẹ ò sí. Omi ìdọ̀tí tó ń jáde lọ ní tirẹ̀ kì í jò àfi nígbà tí ẹ bá wẹ̀, tí ẹ bá fọ nǹkan. Omi òjò á dúró de òjò. Èémí àti ooru inú ilé, èyí tí onílé rẹ ń sọ, máa ń hàn jù ní àsìkò tútù, lára ògiri tí ìta tutù lẹ́yìn rẹ̀, ní igun yàrá àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ògiri tó wà láàárín yàrá àti balùwẹ̀ kì í ṣe ibi tí mo ti máa kọ́kọ́ wá a.

Nítorí náà, ṣe méjì yìí lónìí. Mú pẹ́ńsù, fà á yí etí àbàwọ́n náà ká, kí o kọ ọjọ́ sí i lórí ògiri níbẹ̀. Tó bá ti kọjá ìlà, fa òmíràn, kọ ọjọ́ mìíràn. Ìwé kékeré kan náà ni kí o máa kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí ẹ wẹ̀, ọjọ́ tí ẹ fọṣọ, ọjọ́ tí òjò rọ̀, ọjọ́ tí ẹ ò sí nílé.

Èkejì ni mítà. Lálẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa lo omi mọ́, ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, má ṣe tẹ omi tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì. Ya fọ́tò mítà, títí kan àwọn nọ́ńbà kéékèèké apá ọ̀tún. Dúró wákàtí 2, tún ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ mítà ní ohun kékeré kan lójú wọn, onígun mẹ́ta tàbí bí ìràwọ̀, tó máa ń yí bí omi tó ń kọjá bá tilẹ̀ kéré. Tí gbogbo nǹkan bá wà ní títì tí ìyẹn ń yí, omi ń lọ síbì kan.

Tó bá ń yí, lọ ti fáàfù ńlá tó ń jẹ́ kí omi wọlé, kí o padà wo mítà. Tó bá dúró, inú ilé ni ìṣòro wà. Tí kò bá dúró, a jẹ́ pé páìpù inú ilẹ̀ láàárín mítà àti ilé ni. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún fáàfù ilé àtijọ́ o. Ọwọ́ rẹ̀ lè máa yí nígbà tí irin inú rẹ̀ ti já, kó má ti ohunkóhun. Tí o bá ti tì í tán, ṣí ẹ̀rọ omi kan wò. Tí omi ò bá dá, fáàfù yẹn ló ń tàn ọ́. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì le, má fi tipátipá yí i, torí ó lè kán, omi á sì gba gbogbo ilé.

Ìyá_Méjì (9:03 àárọ̀)

Àǹtí Ayọ̀kẹ́, ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lálẹ́ òní, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá tutù tí kò gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48 lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu, èébu náà kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé. Ẹ mú un lọ rí dókítà náà nítorí ikọ́ yẹn.

Ẹ tún wo ògiri náà dáadáa: ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ìtanná wà lára rẹ̀? Tó bá wà, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ pa bíréékà rẹ̀ títí ẹni tó mọ iná máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù yìí máa ń bà mí ju ti èébu lọ.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (9:20 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí àbàwọ́n. Mo ti pa bíréékà rẹ̀ báyìí, a sì ti yí bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí òdìkejì. Màá mú un lọ rí dókítà lọ́la.

Tánkì_Òkè (10:15 àárọ̀)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilé tí kò ní mítà ńkọ́? Ẹ̀rọ ló ń fa omi wa sókè sínú tánkì.

BàbáPáìpù (10:51 àárọ̀)

Tánkì yẹn fúnra rẹ̀ ni mítà rẹ. Jẹ́ kó kún, pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, lẹ téèpù mọ́ ara tánkì ní déédéé ojú omi tí o bá ń rí i láti ìta. Tí o ò bá rí i, fi ọ̀pá tí ó gbẹ wọn ọ́n láti ẹnu tánkì, kí o sàmì sí i. Má lo omi títí di àárọ̀, kí o tún wọn ọ́n. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀, ó ń jò nísàlẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ń dá tan fúnra rẹ̀ lè tẹ́tí sílẹ̀ lóru: tí ẹ̀rọ bá ń tan, tó ń kú, tó tún ń tan, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Wo páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tánkì náà. Bọ́ọ̀lù tó ń léfòó lè ti bàjẹ́, kí omi máa dà sórí òrùlé lóru láìsẹ́ni tó mọ̀.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ṣe é lánàá. Agogo 10 alẹ́: 412.306. Agogo 12: 412.314. Ohun kékeré pupa ojú mítà náà ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń rìn. Mo ti fáàfù tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó dúró pátápátá. Mo ṣí ẹ̀rọ omi wò bí bàbá ṣe wí, omi dá.

Nǹkan ń jò nínú ilé nìyẹn, àbí?

Ọmọ_Oníṣẹ́ọwọ́ (7:05 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ mà. Nọ́ńbà mẹ́ta ìparí yẹn, lítà ni wọ́n. Lítà 8 ní wákàtí 2 nìyẹn, tó máa jẹ́ lítà 96 lójúmọ́. Ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ògiri. Tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí bó ṣe ń rìn tó ń dúró yẹn jọ tánkì tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń rọra tú, tó tún ń gba omi díẹ̀ padà. Kì í pariwo, kì í sì rin ilẹ̀, torí inú ihò ìdọ̀tí lomi ń lọ tààrà.

Ẹ ṣí ìdérí tánkì ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kán àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun oúnjẹ sínú omi inú rẹ̀, tó pupa tàbí tó dúdú dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú ìjókòó. Tí àwọ̀ bá ti yọ síbẹ̀, rọ́bà ìdí tánkì kò dé mọ́. Tí àwọ̀ ò bá yọ, ẹ wò ó bóyá omi ń ṣàn wọnú páìpù tó dúró lóòró láàárín tánkì. Ó yẹ kí ojú omi rẹlẹ̀ sí ẹnu páìpù yẹn ní bí sẹ̀ńtímítà 2 sí 3. Tó bá ga jù, ẹ rẹ bọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́rú, 8:40 alẹ́)

Ọmọ_Oníṣẹ́ọwọ́, Ọlọ́run á bùkún yín. Kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúró tì í, mo rí okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń bọ̀ láti abẹ́ etí ìjókòó, ó ń tàn sínú omi bí èéfín. Mo yọ rọ́bà ìdí tánkì náà, ó ti rọ̀, ó sì ń yí ọwọ́ mi dúdú. Onílé fọwọ́ sí i, a pààrọ̀ rẹ̀ lónìí.

Màá tún mítà wò lóru yìí, láti agogo 11 sí 5.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀)

Mítà kò kúrò lójú kan. Wákàtí 6 gbáko, nọ́ńbà kan náà ni. Mo fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí onílé, inú rẹ̀ dùn, ó ní ó ti tán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ògiri ti kọjá ìlà pẹ́ńsù. Ọjọ́ Ajé ni mo fà á. Òní Ọjọ́bọ̀, ó ti jáde ní ìbú ìka kan sí apá òsì. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Adéwọlé_K (7:00 àárọ̀)

Tí mítà ò bá rìn, páìpù ò jò. Ó lè jẹ́ òótọ́ lonílé ń sọ pé èémí ni. Tàbí kó jẹ́ omi ilẹ̀ tó ń gòkè, ó pọ̀ nínú ilé àtijọ́.

Ayàwòrán_Ilé (7:48 àárọ̀)

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń ṣe. A lè dán méjèèjì wò dípò kí a máa méfò.

Omi ilẹ̀ kọ́kọ́ ná. Ó máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ògiri, ibi tí ògiri ti kan ilẹ̀ ló máa ń rin jù, kì í sì sábà ga ju bíi mítà kan lọ. Ìlà tó gùn ló máa ń fà lára ògiri, kì í jókòó lójú kan bí àwòrán ìlú. Àǹtí, ìsàlẹ̀ ògiri yín láàárín àbàwọ́n àti ilẹ̀ ńkọ́, ṣé ó rin? Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ rí kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. Iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì àti bíríkì ni, omi tó ń jáde ló gbé e wá, tí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù. Omi ilẹ̀ máa ń gbé e jáde, páìpù tó jò náà máa ń gbé e jáde.

Ní ti èémí: ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú ògiri náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara tó fẹ̀ tó ìwé kan, ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ má lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Tí ìrì bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tó kọjú sí yàrá, afẹ́fẹ́ yàrá ló gbé omi wá. Tó bá jẹ́ abẹ́ ọ̀rá, ní ẹ̀gbẹ́ tó kan ògiri, ni ìrì wà, inú ògiri lomi ti ń bọ̀.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 àárọ̀)

Ìsàlẹ̀ ògiri gbẹ. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tó gbẹ dáadáa ló wà láàárín ilẹ̀ àti àbàwọ́n.

Ọ̀rá ti lo ọjọ́ méjì géérégé. Ojú tó kọjú sí wa gbẹ, mo fi ìwé ìnuwọ́ nù ún, kò rin. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ìrì wínníwínní, àwọn kan ti kóra jọ, wọ́n ń sàn lọ sí etí téèpù. Mo ya fọ́tò pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ó hàn kedere.

A ń rìnrìn àjò lónìí o, ọjọ́ mẹ́rin. Kò ní sẹ́ni nílé.

BàbáPáìpù (8:02 àárọ̀)

Ó dára bẹ́ẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Fa ìlà pẹ́ńsù tuntun kí o tó jáde, kí o ya fọ́tò rẹ̀. Ìrìn àjò yẹn máa ṣiṣẹ́ fún wa.

Mo_Ti_Rí_I (11:34 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi kún un nígbà tí a ń dúró. Ní ilé tí mo kúrò, omi jò láti abẹ́ síǹkì fún oṣù púpọ̀. Mo sọ fún onílé lẹ́nu, lójúkojú, nígbà mẹ́ta. Ó ní òun á wá, kò wá. Nígbà tí mo fẹ́ kó jáde, ó ní èmi ni mo ba kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́, ó yọ ọ́ nínú owó ìdúró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní ìwé kan, mi ò ní fọ́tò kan.

Àǹtí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ìgbà. Kì í ṣe ìjà. «Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo rí báyìí-báyìí lónìí, fọ́tò nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá.» Ẹ máa tọ́jú èsì rẹ̀. Ẹ má sì dá owó ilé dúró torí inú ń bí yín láìkọ́kọ́ mọ ohun tí òfin ibi tí ẹ wà wí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ìyẹn sọ ara wọn di ẹlẹ́bi.

Onílé_Kan (1:20 ọ̀sán)

Èmi onílé ni, mo sì fara mọ́ ohun tí wọ́n wí lókè yẹn. Ayálégbé tó bá kàn sọ pé «ògiri ń rin», mi ò mọ ẹni tí máa rán wá: ṣé púlọ́ńbà ni, ṣé oníbíríkì ni, ṣé kí n tún òrùlé ṣe? Èyí tó bá wá bá mi pẹ̀lú fọ́tò tó ní ọjọ́, tó sọ pé ó ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ báyìí, kì í pọ̀ sí i ní ọjọ́ báyìí, owó ló bá mi dín kù yẹn. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni kí ayálégbé mọ̀ láti oṣù mẹ́ta kó má sọ, títí àjà fi wó.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́)

A ti dé. Bàbá, ẹ gbọ́: ògiri ti gbẹ! Kò gbẹ tán o, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ti mọ́lẹ̀, etí tó rin ti fà sẹ́yìn kúrò lára ìlà pẹ́ńsù ní ìka mẹ́ta. Àwọn ará òkè wà nílé ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń fọṣọ. Òjò tilẹ̀ rọ̀ ní Ọjọ́ Àìkú.

BàbáPáìpù (9:48 alẹ́)

Wo iye nǹkan tí ọjọ́ mẹ́rin yẹn ti mú kúrò. Kì í ṣe òjò. Kì í ṣe ará òkè. Kì í ṣe páìpù tó ń kún nígbà gbogbo, mítà ti sọ bẹ́ẹ̀, ògiri náà sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe nígbà tí ẹ bá wà nílé ni. Mo gbà pé balùwẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n dúró o, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, títí kan àwa oníṣẹ́. Ṣé o ń fi ṣáwà wẹ̀? Láti ibi tí o ti ń ṣí ṣáwà títí dé orí rẹ̀ lókè, páìpù kan wà nínú ògiri. Kò sí agbára omi nínú páìpù yẹn, àfi ìgbà tí o bá ṣí i. Tó bá lu, mítà kò lè sọ fún ọ lóru, torí omi tuntun kì í wọ inú rẹ̀ nígbà tí o bá ti pa á. Nínú ilé àtijọ́, irin ni ó sábà máa ń jẹ́, torí omi àti afẹ́fẹ́ sì ń gba ara wọn níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó máa ń tètè dógùn-ún.

Ohun mẹ́ta ló lè jẹ́, nítorí náà ìdánwò mẹ́ta. Má dà wọ́n pọ̀. Ọjọ́ méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi garawa wẹ̀ níbòmíràn tí àyè bá wà.

Kọ́kọ́ bu omi garawa mẹ́rin, rọra dà á sínú ihò ìdọ̀tí balùwẹ̀ gan-an, láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má ta sí ògiri. Tí ògiri yàrá bá rin, ihò tàbí páìpù ìdọ̀tí ni.

Tí kò bá rin, tú orí ṣáwà kúrò, so hóòsì mọ́ ẹnu páìpù náà, gba fèrèsé gbé e síta. Ṣí i fún ogún ìṣẹ́jú, láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi kò kan táìlì, kò kan ihò. Tí ògiri bá rin, páìpù inú ògiri yẹn ni.

Tí kò bá tún rin, dá orí ṣáwà padà, wá yí i sí ara táìlì kí omi máa ta sí i. Ìyẹn á sọ bóyá àárín táìlì ló ti ṣí, tàbí ẹ̀yìn àwo irin róbótó tó bo ìdí páìpù. Tún lẹ ọ̀rá rẹ mọ́ ògiri kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀)

A ò tilẹ̀ dé ìdánwò kẹta.

Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì, omi inú ihò nìkan: ògiri ò yí padà, abẹ́ ọ̀rá gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la so hóòsì mọ́ ọn. Ọkọ mi dúró ní balùwẹ̀, èmi jókòó sí yàrá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo gbé súkúrúdíráfà tó gùn, mo fi ẹnu irin rẹ̀ kan ògiri, mo fi ìdí rẹ̀ sí etí, torí mo kà á níbì kan pé wọ́n máa ń gbọ́ omi báyẹn. Mo gbọ́ ìró omi tó ń sáré, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìyẹn, «tó… tó… tó», bí ẹni ń fi èékánná lu tábìlì. Ọkọ mi pa omi, ìró sísáré dá, «tó… tó» yẹn ṣì ń lọ fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dákẹ́. Ara mi bù máṣọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ògiri ti dúdú padà títí dé ìlà. Abẹ́ ọ̀rá ti kún fún omi. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé: ọjọ́ tí a ṣe èwo, fọ́tò 14. Ó pè mí lẹ́yìn wákàtí kan. Kò sọ̀rọ̀ èémí mọ́. Ó ní púlọ́ńbà ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ_Oníṣẹ́ọwọ́ (7:22 àárọ̀)

Mà, «tó… tó» lẹ́yìn tí wọ́n ti pa omi yẹn, omi tó kù nínú páìpù ló ń kán jáde. Ẹ kú àfojúsùn!

Kí púlọ́ńbà tó dé, ẹ yẹ páìpù ilé yẹn wò níbi tó bá ti hàn síta, kí ẹ lè mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ fi òòfà kàn án. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Tí kò bá lẹ̀, ẹ fi etí kọ́ìnì ha á díẹ̀: tó bá pọ́n bíi kọ́ìnì bàbà, bàbà ni. Tó bá rọ̀, tí ibi tí ẹ ha bá ń dán funfun, òjé ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún onílé lójú ẹsẹ̀, torí omi tó dúró nínú páìpù òjé kò dára fún mímu, pàápàá fún ọmọdé.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (8:05 àárọ̀)

Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi. Irin ni.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Wọ́n ti rí i. Púlọ́ńbà náà ka ìwé mi tán, ó ní òun ò ní fọ́ yàrá rárá. Táìlì méjì péré ló yọ lókè, lẹ́yìn orí ṣáwà. Ẹ́bò irin tó yí páìpù síta níbẹ̀ ló ti jẹ. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìta rẹ̀ ti ní ìpẹ́ pupa lórí ìpẹ́, ibi tí wọ́n ti wé e wọnú páìpù sì ti tín-ín-rín bíi bébà. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọnú.

Ẹ wo ibi tó wà o: ó ga ju orí mi lọ. Orúnkún ni àbàwọ́n wà, tó tún yà sí òsì ní ìwọ̀n apá kan. Ó ní omi ń gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún páìpù náà sàn wálẹ̀, ó wá bá ibi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dí ihò náà nísàlẹ̀, ló bá wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́.

Adéwọlé_K (5:52 ìrọ̀lẹ́)

Tí wọ́n bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi ní ọjọ́ kìíní, ìsàlẹ̀ ni wọn ì bá fọ́, wọn ì bá má rí nǹkan kan. Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti kọ́ ọ.

BàbáPáìpù (6:30 ìrọ̀lẹ́)

Àbúrò mi, o ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́. Ohun mẹ́ta ló kù tí mo fẹ́ kí o sọ fún onílé. Kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo páìpù yẹn láti ìsàlẹ̀ dókè, kì í ṣe ẹ́bò nìkan, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi wọ́n sí, irin tó kù níbẹ̀ kò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tún so hóòsì mọ́ ọn fún ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó lẹ táìlì padà, nígbà tí ojú ṣì lè rí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì kun ọ̀dà sí ògiri yàrá báyìí. Ògiri tó ti mu omi fún oṣù méjì á gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ dénú, tí o bá kùn ún ní tútù, á tún wú, wàá sì rò pé ó tún ń jò. Ha ọ̀dà tó ti ṣí kúrò, fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ rẹ̀, má fi omi fọ̀ ọ́. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa lù ú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn náà, má tíì tan án.

Ayọ̀kẹ́_Ìsàlẹ̀ (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn náà, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo ní kí n padà wá sọ fún yín. Onílé gbà, wọ́n pààrọ̀ páìpù náà látòkè délẹ̀. Lánàá mo tún lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, òní mo ṣí i: abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú, ojú rẹ̀ náà gbẹ. Oníṣẹ́ iná ti tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò, ó ní ó mọ́, ó tan án padà. Ọmọ ò wúkọ́ mọ́ lóru.

Ìlà pẹ́ńsù mẹ́rin ṣì wà lára ògiri pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Màá fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí a tó kùn ún.